Ère Tíṣà Sáyẹ́ǹsì

Tíṣà méjì ló pa kíláàsì wọn pọ̀ ní sáà náà. Tíṣà iṣẹ́ ọnà mú amọ̀ wá, tíṣà sáyẹ́ǹsì mú sítóòfù wá. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì jọ mọ ohun kan tí yóò fi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan hàn, kí ọ̀gá ilé ìwé lè wá wò ó lọ́jọ́ àfihàn. Wọ́n fi Ìgo àti Fèrèsé sídìí tábìlì kan náà.

Awò ojú Ìgo ló nípọn bí ìdí ìgo. Ní ti Fèrèsé, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ahọ́n rẹ̀ á yọjú síta bí ẹni tó ń wo ìgboro. Àwọn méjèèjì kì í gbọ́ràn. Bí tíṣà bá ti kọjú sí bọ́ọ̀dù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n máa ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì ń tọrọ ààyè láti lọ tọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nílé, wọn kì í jẹ́ kí Fèrèsé sún mọ́ iná. Wọn kì í jẹ́ kó dá sọdá títì, wọ́n sì ń fi súìtì pa mọ́ fún un. Ohunkóhun tó bá mú dání, ẹnì kan á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó lọ jókòó. Ilé ìwé nìkan ni wọ́n ti ń kó amọ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó ṣe é bó ṣe fẹ́.

“Ọkùnrin tó jókòó la máa mọ,” Ìgo ní. “Inú ẹ̀ á ṣófo. A ó da omi sí i látorí, a ó dé e pa, a ó gbé e kaná. Tómi bá hó, èéfín á gba ihò etí ẹ̀ jáde, á máa súfèé.”

“Ọkùnrin wo?”

Wọ́n jọ wo tíṣà sáyẹ́ǹsì. Etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ọwọ́ ife.

“Ṣùgbọ́n etí kọ́ ló yẹ ká lu,” Fèrèsé ní.

“Ibo ló yẹ?”

Fèrèsé sọ ibẹ̀ fún un. Ìgo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bo awò ojú rẹ̀.

“Orí ẹ ò pé. Wọ́n á lé wa. Etí ni.”

Fèrèsé gbà. Nígbà tí Ìgo lọ tọ̀, ó mú igi ìṣáná, ó sì lu ihò kan sí ibi tó ní lọ́kàn.

Tíṣà iṣẹ́ ọnà kìlọ̀ pé amọ̀ máa ń súnkì tó bá gbẹ, ó sì tún máa ń súnkì nínú iná, kí oníkálùkù lu ihò rẹ̀ kó tóbi. Ìgo àti Fèrèsé ń jiyàn lórí ọ̀dà lọ́wọ́. Wọ́n kun etí ère náà ní búlúù, wọ́n kùn ún, wọ́n tún un kùn.

Lọ́jọ́ àfihàn, ọ̀gá ilé ìwé wo ìkòkò tó ń mú omi tutù, ó mi orí. Ó dé tábìlì wọn, ó dúró.

“Ó jọ ẹnì kan,” ó ní.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì fọwọ́ kan etí ara rẹ̀.

Omi náà hó. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, nǹkan kan ò gba etí jáde. Ọ̀gá yí lọ sẹ́yìn ère náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Ère náà só.

Ó só gígùn. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró sókè bí ẹni tó fẹ́ dá orin. Ọ̀gá fò sẹ́yìn. Ẹnì kan nínú kíláàsì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, tó di ògiri mú.

“Ta ló lu ihò yẹn?” tíṣà sáyẹ́ǹsì béèrè.

“Òun ni!” Ìgo ní.

“Òun ló dí etí pa!” Fèrèsé ní.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ́ síta! Ẹ má padà wọ kíláàsì mi títí ará ilé yín á fi wá rí mi.”

Níta, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu Fèrèsé.

“Tí wọ́n bá gbọ́ nílé, ó parí nìyẹn,” ó ní. “Wọ́n á ní kí n jókòó sílé, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n.”

Ìgo yọ súìtì kan nínú àpò, ó fún un. Fèrèsé ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wá látibi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ròyìn fún un, ó ń yí ọ̀rọ̀ kan po.

“Ẹ ní ó ṣe kí ni?” obìnrin náà béèrè.

“Ó só, mà.”

“Lójú ọ̀gá?”

“Lójú ọ̀gá, mà.”

Obìnrin náà kọjú sí ògiri fúngbà díẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yíjú padà, ó bẹ tíṣà, ó bẹ̀ ẹ́ gan-an ni.

“Wọ́n lè padà wá,” tíṣà ní, ó mí kanlẹ̀. “Ọ̀gá fúnra wọn ti ń béèrè ìgbà tá a tún máa gbé e kaná.”

Obìnrin náà dúpẹ́, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Fèrèsé sorí kọ́ sí, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní: “Bàbá mi, ṣebí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pé ẹni àádọ́rin ọdún, tẹ́ ẹ ní ilé ìwé tẹ́ ò rí lọ ní kékeré lẹ fẹ́ lọ, ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní dà mí láàmú?”