Páìpù Bàbá Wa

"Fọ́ ògiri yẹn!" Baálé ilé nàka sí ilé ìwẹ̀.

Púlọ́ḿbà gbé òòlù dání, ó ń wo ojú ìyàwó baálé.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó bẹ̀bẹ̀, "omi tó mọ́ ń yọ. Kí lẹ tún ń wá nínú ògiri?"

"Àbúrò mi yìí ní páìpù irin tí bàbá wa rì síbẹ̀ ti dípẹtà, ká pààrọ̀ ẹ̀. Tá a bá rí ìpẹtà bíńtín, kó gba ipò olórí ẹbí lọ́wọ́ mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbà." Àbúrò ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Òòlù ró gbì, sìmẹ́ńtì ya lulẹ̀. Páìpù rọ́bà ló yọjú, ó funfun báláú.



"Ìyàwó yín ló ní kí n pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ rìnrìn àjò," ni púlọ́ḿbà kùn. "Ìpẹtà ti jẹ irin yẹn tán."

Ìyàwó ti sá wọ kíṣìnnì.

Baálé ilé fọwọ́ pa rọ́bà náà lára, ó wúkọ́, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ó dáa. Ìpẹtà tó o wí dà?"