Màrìwò Ọ̀nà Ayínrin

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ń jẹ gúgúrú, kó dá ẹnu dúró ná, torí ọ̀rọ̀ yìí kò fẹ́ ariwo. Ìdófà, ìlú kékeré kan nísàlẹ̀ òkè, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínlàbí mú ìyàwó rẹ̀ lọ fún ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Akínlàbí kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ahun ni. Ahun tó tún gbọ́n lójú ara rẹ̀, ẹ ò rí i pé wàhálà ti di méjì!

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo igbó ń rú ewé tuntun. Ìdófà ní yàrá tí wọ́n ń fi àlejò sí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n Akínlàbí ní òun kò ní sanwó ilé nígbà tí ilẹ̀ Ọlọ́run wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbé àgọ́ aláṣọ tó rà ní òkìrìkà, Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé gàrí àti kúlíkúlí, wọ́n kọrí sí odò Ayínrin. Odò náà ti gbẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn rẹ̀ tẹ́jú bí ẹní.

Lójú ọ̀nà, wọ́n rí màrìwò tí wọ́n so dínà láti igi kan dé èkejì. Ta ni kò mọ̀ pé ìyẹn ń sọ pé má kọjá?

Morẹ́nikẹ́ dúró. "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká padà lọ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀."

"Béèrè kí ni? Kí wọ́n lè bu owó lé wa?" Ó já màrìwò, ó lọ pàgọ́ sórí iyanrìn odò, ó tẹ́ màrìwò náà sínú rẹ̀, ó ní òun ti rí tìmùtìmù ọ̀fẹ́. Hà!

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ tó ti ń ké láti ọ̀sán dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ Morẹ́nikẹ́ ń gbọ́ òórùn òjò. Ìgbà náà ni ẹnì kan pè é láti òkè ọ̀nà: "Àríkẹ́! Gòkè wá!" Ìyá rẹ̀ àgbà nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè é, ìyá sì ti lo ọdún mẹ́fà nínú ilẹ̀.

Kò dáhùn, torí a kì í jẹ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pè é. Ó kàn bẹ́ síta, ó sáré gòkè. Akínlàbí tẹ̀ lé e, ó ń pè é ní ojo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dókè ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Omi òjò tó rọ̀ lórí òkè lọ́hùn-ún ti ya wọ odò. Omi pupa wọ́ igi, ó wọ́ òkúta, ó bo àgọ́ mọ́lẹ̀.

"Àgọ́ mi!" Ọkùnrin fẹ́ sáré padà. Ìyàwó di ẹ̀wù rẹ̀ mú gírígírí. "Ẹ̀mí yín ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, baálé Ìdófà bá wọn débẹ̀. Màrìwò ti wà lórí igi, ó so dínà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Iyanrìn odò lẹ̀ mọ́ ọn, ìborùn Morẹ́nikẹ́ tó kù sínú àgọ́ sì wà nínú kókó rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ tún un so?" Akínlàbí béèrè.

Baálé mirí. "Kò sí ọmọ Ìdófà tó dé ibí láti àná."

Akínlàbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà. Títí dòní, kó tó jókòó sórí àga ilé onílé, á kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ béèrè, ẹ má sì já ohun tí ẹ kò so. Owó tí ẹ fi ẹ̀mí ṣọ́, ta ni yóò ná an? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.