Ta Ló Pa Á?

Láti ìgbà tí Oyèníran ti kú ni kọ̀mpútà rẹ̀ ti kọ̀ láti kú. Bí Morádéyọ̀, opó rẹ̀, bá pa á, yóò gbọ̀n, yóò tún tan fúnra rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe Gbádégẹṣin, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń sọ kiri pé ìyàwó ló pa ẹ̀gbọ́n òun, pé kó wá tún un ṣe.

“O ò mọ̀ ọ́n pa ni?” ni Gbádégẹṣin béèrè.

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní mo mọ̀ ọ́n pa.”

Inú bí Gbádégẹṣin, ó fa wáyà yọ. Kọ̀mpútà kú.

Ohùn kan wá láti yàrá Oyèníran, bó ṣe máa ń béèrè látijọ́ bí ẹnìkan bá pa kọ̀mpútà rẹ̀: “Ta ló pa á?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Gbádégẹṣin dáhùn kó tó rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú.

Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kọ̀mpútà náà tan.