Ibi Mẹ́ta Tí Ìyá Akíndúró Fẹ́ Yan Ọ̀kan Nínú Wọn

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Fadékẹ́mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Dùgbẹ̀. Oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù tó wà, àǹfààní wọn àti àléébù wọn, ó lè kà á lójú oorun. Nítorí náà, inú rẹ̀ dùn nígbà tí ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Akíndúró, pè é lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

"Ṣé ọwọ́ rẹ á dilẹ̀ ní Sátidé?" Ìyá Akíndúró bi í. "Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ ká jọ dé. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan wà ní Ring Road, ìsọ̀ kan wà nínú ọjà Bódìjà, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sì wà ní Agbowó. Mo fẹ́ mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì fẹ́ dá a yàn."

Ọdún méjì ni màmá ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí bàbá Fadékẹ́mi ti kú. Ilé wọn ní Challenge dákẹ́ jù. Ó pẹ́ tí Fadékẹ́mi ti ń sọ fún un pé kó wá nǹkan ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí màmá má lọ da owó ìfẹ̀yìntì sínú ìsọ̀ tí kò ní tà. Ó mú ìwé kan, ó fa ìlà sí àárín rẹ̀. Àǹfààní wà lápá kan, àléébù wà lápá kejì.

Ring Road ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Súpámákẹ́ẹ̀tì náà tutù nini, iye ọjà wà lára ọjà, kò sẹ́ni tó ń ná nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ tó ni ín wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níwájú ẹ̀rọ tó ń fi gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù hàn án.

"Ẹ káàbọ̀, mo ti ń retí yín," ó wí. "Ọmọ yín rèé? Ó jọ yín o." Ojú rẹ̀ sì ti padà sórí ẹ̀rọ.

"Ìgbà wo lẹ máa ń lọ sílé?" Ìyá Akíndúró bi í.

"Aago mẹ́wàá. Sọ́ńdè náà, bí ìsìn bá ti parí, ibí lẹ ó ti bá mi."

"Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e wá. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni mò ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́."

Fadékẹ́mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè ìgbọ́kọ̀sí wà, ọjà sì ń tà, ṣùgbọ́n owó dísù tí wọ́n ń rà sí jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Màmá ò béèrè dísù, kò béèrè owó ilé. Nígbà tí wọ́n dìde, Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ rán ọmọbìnrin kan pé kó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Bódìjà, Ọ̀gbẹ́ni Adéfọlárìn tó ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì ti rí wọn lókèèrè. Ó ń yọ̀, ó ń bọ̀ wá pàdé wọn láàárín àwọn àpò. Ó dẹ́rìn-ín pa Fadékẹ́mi títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wọn ẹ̀wà fún un, ó bu èènì lé e gègèrè.

"Owó kẹ̀?" ó wí. "Kí n gbowó lọ́wọ́ ọmọ yín?"

Obìnrin kan wá béèrè iye kóńgò ẹ̀wà kan, ó dá a lóhùn. Kò pẹ́, obìnrin mìíràn tó wọ léèsì dé, iye náà sì fò sókè.

"Ṣé ẹ̀wà kan náà kọ́ ni?" Ìyá Akíndúró béèrè.

"Òun náà ni, mà. Ojú la fi ń díyelé."

Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Fadékẹ́mi kọ ọ́ pé èrò pọ̀, owó ń yára wọlé, àfi ẹrẹ̀ nígbà òjò.

Títì ni wọ́n bá ti Agbowó. Páálí kan wà lára ilẹ̀kùn: MÒ Ń BỌ̀ NÍ AAGO MẸ́TA. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró.

"Màmá, ta ló ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Sátidé?"

"Jẹ́ ká dúró dè é."

Aago mẹ́ta gééré, Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ èjìká. Bó ṣe rí Ìyá Akíndúró, ó yára ṣílẹ̀kùn. Ó gbé àga kan ṣoṣo tó ní jáde, ó nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó gé búrẹ́dì sí méjì fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ta bírò ẹyọ kan fún èkejì. Ó mọ orúkọ àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ máa ń lọ ṣe tẹ́ ẹ bá ti ìsọ̀?" Fadékẹ́mi béèrè.

"Mo máa ń dáná, màá jẹun, màá sùn díẹ̀. Ọjà ò ní sá lọ." Ó wo ilẹ̀. "Ọbẹ̀ ṣì wà o. Ṣé ẹ máa jẹ ìrẹsì?"

Wọ́n jẹ ìrẹsì. Ìyá Akíndúró ní kí wọ́n bù kún tòun. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, Fadékẹ́mi ò tíì rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Mọ́kọ́lá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wọn dúró. Fadékẹ́mi ṣí ìwé rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́ tèmi. Súpámákẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ mú. Bí ìyẹn bá wúwo jù, ẹ mú ti Bódìjà."

"Ti Agbowó ni mo mú."

"Há! Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó há bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó ni ín sì ń tì í lójoojúmọ́ kó lè lọ sùn!"

"Mo rí i."

"Kí lẹ wá fẹ́ tà níbẹ̀ tí ẹ ó fi jèrè?"

"Fadékẹ́mi, ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ tajà?" ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń tún gèlè ṣe nínú dígí ọkọ̀. "Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àwọn fẹ́ fi mí ṣaya, mo sì fẹ́ kí o rí gbogbo wọn kí n tó dá Ayẹni lóhùn."