Ìdérí Táńkì Ọkọ̀ Ràímì

Ìdí ìbọn olè gbá mẹkáníìkì lẹ́nu, eyín kan já bọ́ sórí ẹ́ńjìnì.

"Bàbá yìí, kí ló ń pa mọ́tò yìí? Á sáré díẹ̀, á kú. Tó bá sinmi, á tún jí. Tún un ṣe, àbí kí n rán ẹ lọ bá Ràímì tó ni ín!"

Ẹ̀jẹ̀ Ràímì ò tíì gbẹ lórí ìjókòó ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ náà.

"Ọba tí í gbani lẹ́nu ìbọn, má jìnnà sí mi," ni mẹkáníìkì ń wí sínú. Ó ṣí ìdérí táńkì. Táńkì fa èémí fììì, bí ẹni tí wọ́n tú ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ni Ràímì fi wé ìdérí kí epo má baà máa jò. Afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, epo ò sì lè ṣàn dé ẹ́ńjìnì.

Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, a máa ṣe bí ọ̀bọ. Ó rọra dé e padà, tòun ti náílọ́ọ̀nù.

"Ó ti parí, ọ̀gá. Ẹ ṣíná sí i."

Ẹ́ńjìnì bú ramúramù. Àwọn olè kọrí sí Creek Road. Mẹkáníìkì jókòó lé táyà àlòkù, ó dẹtí. Lójijì, ọkọ̀ húkọ́, ó dákẹ́.

Ariwo sọ lójú títì: "Ọkọ̀ Ràímì rèé! Olè o!"

Láìpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ sáré dé, ọwọ́ wọn pupa fún ẹ̀jẹ̀ àwọn olè.

"Bàbá, ẹ fún wa ní táyà!"

Ó tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ dànù, ó sì dìde kúrò lórí èyí tó jókòó lé.