Òṣùwọ̀n Òtútù Don Hermógenes

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, omi inú abọ́ adìẹ dì gbagidi jákèjádò àdúgbò wa ní Quillota, ní ilẹ̀ Chile, níbi tí oṣù Keje ti jẹ́ àárín ìgbà òtútù. Síbẹ̀, lára ògiri àgbàlá Don Hermógenes Tapia, òṣùwọ̀n òtútù ń tọ́ka sí ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún, bí ìgbà tí ooru ń mú, gbogbo ológbò àdúgbò sì tò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sùn. Don Hermógenes kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí nọ́ńbà bá ti sọ̀rọ̀, kò tún fẹ́ gbọ́ ti ènìyàn mọ́, kódà bí ara òun fúnra rẹ̀ bá ń gbọ̀n.

Ismenia, ìyàwó rẹ̀, ní igi píà kan lágbàlá náà. Láti ọgbà ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ti mú kóró rẹ̀ wá, kí wọ́n tó fi ọgbà náà ṣe títì. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú rẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni igi náà sì kọ́kọ́ fi àmì òdòdó hàn.

Nígbà tí oṣù Kẹfà wọlé, olúkúlùkù ń palẹ̀ àgbàlá mọ́ de òtútù. Wọ́n kó koríko gbígbẹ sí ìdí igi, wọ́n fi kúbùsù àtijọ́ bo èyí tí kò lágbára. Zunilda oníbúrẹ́dì, tí òun àti Don Hermógenes jọ pín ògiri, na ọrùn wo àgbàlá.

"Don Hermógenes, ẹ bo igi píà yẹn o! Ìrì dídì ń bọ̀."

"Ìrì dídì ibo? Zunilda, ṣé o kò lè kàwé ni? Mẹ́rìnlélógún!"

"Ẹ wo etí yín bó ṣe pọ́n bíi tòmátì!"

"Etí mi kì í ṣe òṣùwọ̀n."

Ismenia gbé kúbùsù jáde. Ọkọ rẹ̀ gbà á, ó ká a padà sínú àpótí. Kí ó lè fi hàn pé ooru mú, ó bọ́ súẹ́tà, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó jókòó síta, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Bàbá, ẹ mà ń gbọ̀n," Ismenia wí fún un.

"Ẹ̀rín ni mò ń rín."

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Don Hermógenes kò yá ọgbọ́n ẹnikẹ́ni lò. Ní òwúrọ̀ tí omi adìẹ dì yìí, igi píà ti dúdú láti orí dé ìdí, bí ohun tí wọ́n fi iná jó. Ismenia fọwọ́ kan ẹ̀ka kan, ẹ̀ka náà sì kán.

"Ìyá mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì," ló wí, ó sì wọlé lọ. Kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀: ikọ́ dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dìde, ó fọwọ́ ti igi gbígbẹ náà, ó ń ráhùn.

"Ṣùgbọ́n mẹ́rìnlélógún ni!"

Zunilda wọlé wá, ó lé àwọn ológbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé ògiri lábẹ́ òṣùwọ̀n. Ògiri náà gbóná.

"Ẹ̀yìn ààrò mi lẹ gbé e kọ́ sí. Láti ìdájí ni mo ti máa ń dáná. Búrẹ́dì mi lẹ ti ń wọ̀n láti oṣù Kẹfà."

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé òṣùwọ̀n kì í purọ́. Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ló lè sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀rí kan gbọ́, kí ó kọ́kọ́ wádìí ibi tí ẹ̀rí náà dúró sí, kí ó má sì ṣe ti etí dí sí ìkìlọ̀ aládùúgbò. Agídí ẹnìkan kì í pa olúwa rẹ̀ lára nìkan. Ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ràn jù lọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́.