Ṣọ́bìrì Tí Torgeir Yọ Nínú Àpò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun òkè lọ́sẹ̀ Àjíǹde yìí.

1.
Lọ́dọọdún, lásìkò Àjíǹde, Torgeir máa ń gun òkè oníyìnyín tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Lyngen, ní ìhà àríwá ayé, kó lè jẹ ọsàn lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Lọ́dún yìí, Tuva, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, fẹ́ bá a lọ. Àpò Torgeir kò gba ọsàn méjìlá pọ̀ mọ́ ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń wa ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀ jáde. Ó yọ ṣọ́bìrì, ó gbé e ti ògiri.

Ragna ìyàwó rẹ̀ rí i. "Torgeir, ìkùukùu bo ojú ọ̀run mọ́jú. Yìnyín ò dì lóru àná, ó lè ya lulẹ̀. Mú ṣọ́bìrì yẹn."

"Ṣé sàárè lo fẹ́ kí n lọ gbẹ́ ni? Tuva ní tiẹ̀. Ọ̀kan tó wa."

2.
Wọn ò tètè jáde. Aago mọ́kànlá ti lù, oòrùn sì ti ń mú, yìnyín ti ń rọ̀, kí wọ́n tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Tuva ti ọ̀pá rẹ̀ bọ yìnyín. Ó rì dé ibi tó fi ọwọ́ dì mú. Ilẹ̀ kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, hùùn, bí ẹranko tí wọ́n jí lójú oorun.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká padà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn yí padà."

"Àwọn àlejò ìlú ńlá là ń sọ ìyẹn fún. Ogún ọdún ni mo ti ń gun òkè yìí. Ó mọ̀ mí."

"Òkè ò mọ èèyàn, Bàámi."

"Ó dáa, máa lọ. Lọ bá ìyá ẹ hun ìbọ̀sẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀.

3.
Òkè ya. Yìnyín tó wúwo bí kọnkéré tútù ya lulẹ̀, ó ń ṣẹ́ igi bí ẹní ṣẹ́ ìṣáná. Ó ju Torgeir lu àpáta, eyín rẹ̀ méjì fò yọ. Ó gbé Tuva, ó yí i po, ó fi igi lù ú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ àwárí tí wọ́n so máyà fi ibi tí Tuva wà hàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin péré: mítà kan ààbọ̀ nísàlẹ̀. Torgeir na ọwọ́ sínú àpò rẹ̀ láti fa ṣọ́bìrì yọ. Ọsàn ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ṣọ́bìrì kan tó kù wà lẹ́yìn Tuva, nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Yìnyín tó ya ti dì bí òkúta. Ó fi síkì, pátákó gígùn tó fi ń rìn lórí yìnyín, wà á; síkì ṣẹ́. Ó fi ọwọ́ wà á títí èékánná mẹ́fà fi bọ́, tí ẹ̀jẹ̀ pọ́n gbogbo ibẹ̀. "Tuva, mò ń bọ̀. Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Wákàtí kan kọjá kó tó kan irun rẹ̀. Yìnyín kún ẹnu rẹ̀. Apá rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ní apá kọ́ ló pa á. Èémí ló tán.

4.
Nígbà tí wọ́n gbé òkú Tuva dé ilé, Ragna jáde sí wọn. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Torgeir, ọsàn mélòó lẹ jẹ?"

Ṣọ́bìrì ṣì wà lára ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè, bí yìnyín ò bá dì lóru, ẹ jókòó sílé. Kí olúkúlùkù gbé ṣọ́bìrì tirẹ̀. Bí ọmọ yín bá sì ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ padà. Àwọn àgbà ní bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí.